Abéèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ lórí Máàpù Inú Fóònù
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ọkọ̀ àti ìrajà sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)



Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú yín béèrè pé kí ẹgbẹ́ yọ owó ká fi ra ẹ̀rọ kékeré kan fún gbogbo dírẹ́bà wa. Ẹ̀rọ náà ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ó sì ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Agbàmì la ó máa pè é lónìí. Ìdáhùn wa ni pé ká má rà á. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tó bí ìbéèrè yẹn. Ọkọ̀ wa tó lọ kó ata àti tòmátì ní abúlé kan láàárín Ìsẹ́yìn sí Ṣakí ṣìnà lóru. Máàpù inú fóònù ni dírẹ́bà ń tẹ̀ lé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ojú máàpù di funfun báláú. Ó yà síbi tí kò yẹ kó yà sí, inú igbó ni ilẹ̀ mọ́ bá a. Kí ẹrù tó dé Bódìjà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti jẹrà. Owó ẹgbẹ́ ni ọ̀kan nínú wa yá fi ra ẹrù náà, ó sì ń san gbèsè yẹn títí di òní.

Àwa ìgbìmọ̀ náà ní ohun tí a fẹ́ jẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, a sáré lọ ra agbàmì kan, tòkunbọ̀ ni, owó yín la sì fi rà á. A ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a gbé e délé ni ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń tún fóònù ṣe bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin màmá wa, fóònù dírẹ́bà yín ti ní irú ẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀." Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. A ní kó jókòó kọ́ wa, ohun tí a kọ́ la wá sọ fún yín yìí.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní GPS. Wọ́n lé ní 24, wọ́n sì ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Agbàmì tó bá gbọ́ àmì mẹ́rin nínú wọn yóò ṣírò ibi tó wà. Kó tó di Oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ńṣe ni ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì tí aráàlú ń gbà rú, ó lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣìnà. Ìgbà tí wọ́n jáwọ́ nínú ìyẹn ló tó wúlò dáadáa fún onímọ́tò. A kì í san kọ́bọ̀ fún àmì yìí, kì í sì í jẹ dátà.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀: àmì ń sọ ibi tí a wà, máàpù ń fi ọ̀nà tó wà níbẹ̀ hàn wá. Lóru ọjọ́ yẹn, àmì wà níbẹ̀ digbí. Máàpù ló lọ, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Bí a bá ra agbàmì ogún, kò lè wo àìsàn yẹn sàn.

Agbàmì ti ní ìgbà tirẹ̀ o. Ní nǹkan bí ọdún 2004 sí 2008, fóònù púpọ̀ ni kò ní in nínú. Àwọn tó fẹ́ máàpù ń ra agbàmì lọ́tọ̀, wọ́n á tún ra máàpù TomTom tàbí Garmin kún un. Nígbà tí Nokia N95 dé ní 2007, inú rẹ̀ ni tirẹ̀ wà. Lónìí, fóònù onítẹ̀ka tí kò ní in ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó lè ṣì nílò rẹ̀ ni ẹni tó ń lo táblẹ́ẹ̀tì tí kò ní in, bí iPad tó jẹ́ Wi-Fi nìkan ló ń gbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó yẹ nǹkan mẹ́ta wò:

1. Ṣé ó bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu? iPhone àti iPad kì í gbà ju èyí tí wọ́n ṣe fún wọn. Ti Android sábà máa ń fẹ́ áàpù kan tí yóò so wọ́n pọ̀.
2. Ṣé kò ti gbó jù? Láti 6 Oṣù Kẹrin 2019 tí òǹkà ọ̀sẹ̀ GPS ti padà sí òdo, àwọn ògbólógbòó kan ń ka ọjọ́ sódì.
3. Bátìrì rẹ̀ ńkọ́? Ohun méjì lẹ ó máa ṣájì.

Máàpù gan-an ló yẹ ká ṣà dáadáa. Àkọ́kọ́, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Google Maps gbà ká gba àgbègbè kan sílẹ̀ sínú fóònù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àtúnṣe látìgbàdégbà. Organic Maps àti OsmAnd náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orí OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ni wọ́n ti ń mú tiwọn, àwọn èèyàn bíi tiwa ló sì ń yà á. Abúlé tí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ yín lè fi kún un. Ẹ sáà mọ̀ pé láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò ní lè sọ ibi tí gósílóò wà.

Ìkejì, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dán an wò. Ẹ ní kó mú yín láti Bódìjà dé abúlé bàbá yín. Bó bá ṣì yín lọ́nà ibẹ̀, ẹ má gbé ẹrù lé e lọ́wọ́.

Ìkẹta, kó máa fi ohùn sọ̀rọ̀ sókè, kí ojú dírẹ́bà lè wà lójú títì. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 ka fífọwọ́ mú fóònù wakọ̀ léèwọ̀.

Èyí tó tún ju gbogbo rẹ̀ lọ: oko kò ní nọ́ńbà ilé. Ìgbàkigbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ lójúmọmọ, ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ lórí máàpù, ẹ fi pa mọ́, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tí a lè rà tó ní ìmọ̀ yẹn nínú. Ọ̀dọ̀ yín ló wà.

Ohun tí a ń bẹ ìpàdé fún rèé. Ká fi owó ra ṣájà ọkọ̀ àti ohun tí a ń gbé fóònù lé níwájú dírẹ́bà. Kí ọkọ̀ kankan má jáde láìtíì gba máàpù ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó gbọ́ fóònù máa kọ́ wa lẹ́yìn ìpàdé. Kí ẹ bá wa yọ èlé kúrò lórí gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹrù rẹ̀ jẹrà. Owó agbàmì tí a sì rà, àwa ìgbìmọ̀ yóò dá a padà sápò ẹgbẹ́ kí ọdún tó parí.

Bí máàpù bá ní "yà sọ́tùn-ún", tí ará abúlé sì ní òjò ti gbá afárá ibẹ̀ lọ, ará abúlé ni kí dírẹ́bà gbọ́ tirẹ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìyẹn náà ni àwa ìgbìmọ̀ ò ṣe ká tó náwó yín.

Ẹgbẹ́ wa ò ní bàjẹ́, ẹrù wa ò ní jẹrà sọ́nà mọ́.