Ewé Róòsì Tó Ká: Ẹ Tú U Wò Kí Ẹ Tó Bínú

Ẹ̀yin ará wa tó wà nílùú ọba, tí ẹ gbin róòsì síwájú ilé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí.

Ọ̀kan nínú wa fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí wọ́ńsáàpù. Ewé róòsì rẹ̀ ti ká. Ó ní aládùúgbò òun ló fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko kọjá ọgbà, ó sì ti ń múra ìjà. Mo ní kó rọra ná. Oògùn koríko máa ń lọ́ ewé tuntun àti ọ̀mùnú ni, wọ́n á wọ́, wọ́n á tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ ká sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, gbọọrọ bí ẹní tí wọ́n ká. Kòkòrò nìyẹn. Aládùúgbò kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Blennocampa phyllocolpa ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òyìnbó ń pe irú rẹ̀ ní sawfly, nítorí abo rẹ̀ ní ohun bí ayùn nídìí tó fi ń la ewé yé ẹyin. Kì í ṣe eṣinṣin o; ìbátan oyin àti agbọ́n ni, àmọ́ kì í ta èèyàn. Dúdú ni, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí i. Ohun tó ń tú sínú ewé ló ń mú un ká, kódà bí kò bá yé ẹyin síbẹ̀.

Àfòpiná náà ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ń ká ewé, òwú ló sì fi ń so ó. Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ ọ́n lára ewé ilá. Bí ẹ bá tú ewé róòsì tí ẹ kò rí òwú, tí ìdin aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, ẹ ka ẹsẹ̀ abẹ́ ikùn rẹ̀, yàtọ̀ sí 6 tó wà nítòsí orí. Ti sawfly kì í dín ní 12. Ti àfòpiná kì í ju 10 lọ. Kámẹ́rà fóònù á bá yín fà á súnmọ́.

Bí ewé tó ká kò bá pọ̀, ẹ já wọn dànù kí ìdin tó bọ́ sínú ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń lo ìgbà òtútù. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Róòsì tí ẹ bá já ewé rẹ̀ tán ló ń jìyà jù. Ẹ má sáré fọ́n oògùn sí òdòdó tó ti tanná, oyin ni ẹ máa pa.

Ẹni tí kò bá dá lójú, kó tú ewé náà, kó ya inú rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ewé tó ṣì ká kò lè sọ nǹkan fún wa.