A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Ọ̀rọ̀ òní wúwo, ẹ̀bi tèmi sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Baba wọn ti lé ní ẹni 70 ọdún. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni, ó sì ti pẹ́ ní Kawo. Oṣù mélòó kan ni kò fi lè tọ̀ dáadáa, tí ẹ̀yìn sì ń ro ó. Èsì àyẹ̀wò ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ: jẹjẹrẹ ni, nínú kókó ọkùnrin tí àwọn dókítà ń pè ní próstéètì. Wọn kò tíì sọ fún baba.

Èyí àkọ́bí, tí ó wá láti Èkó, ní kí a gbé baba lọ fún iṣẹ́ abẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àbúrò rẹ̀ ní kí a dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹbí fi àgbo wò ó. Ọmọbìnrin wọn tí ń gbé ní London sì ti pàṣẹ lórí tẹlifóònù pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abẹ kan baba òun. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn wọn ti ṣọ̀kan ni pé kí n bá wọn sọ fún baba pé àìsàn ìtọ̀ lásán ni. Mo gbà. Títí di òní ni mo ń kábàámọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ baba, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì tí ó fi gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Àlùfáà, mo gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé. Ṣé mo ti kú ni, tí àwọn ọmọ mi fi ń pín mi bí ogún?” N kò rí èsì fọ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Orí baba ni àwa ń fá, a kò sì pe baba sí i. Nígbà tí a mú un lọ bá dókítà, tí ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ àlàyé, a rí i pé àṣìṣe wa tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kókó yìí wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kò sì tóbi ju àsálà lọ. Bí ọkùnrin ti ń dàgbà ni ó máa ń wú, wíwú náà nìkan kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní PSA lè ga nítorí wíwú lásán tàbí nítorí kòkòrò àrùn. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń mú bíńtín lára kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dájọ́. Ìyẹn ni yóò sọ bí jẹjẹrẹ náà ti le tó. Àwòrán inú ara àti ti egungun ni yóò sì sọ bí ó ti rìn jìnnà tó.

Bí ó bá wà nínú kókó nìkan, tí kò sì le, a lè máa ṣọ́ ọ, kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kókó náà wò lóòrèkóòrè. A sì lè fi iṣẹ́ abẹ yọ kókó náà, tàbí kí a fi ẹ̀rọ ta ìtànṣán sí i ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ egungun, yíyọ kókó náà kì í sábà ṣe àǹfààní mọ́. Ohun tí a ń ṣe nígbà náà ni kí a gé oúnjẹ jẹjẹrẹ náà, èyí tí í ṣe èròjà ọkùnrin tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Charles Huggins ti Chicago ni ó fi èyí hàn ní 1941, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Abẹ́rẹ́ tí a ń gbà léraléra ni a fi ń ṣe é, tàbí kí a yọ kóró ẹpọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í pa àrùn náà run pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè dá a lẹ́kun fún ọdún mélòó kan.

Olúkúlùkù ọ̀nà wọ̀nyí ni ó ní ohun tí í gbà lọ́wọ́ ẹni. Abẹ lè mú kí ìtọ̀ máa jò, kí agbára ọkùnrin sì dín kù. Ìtànṣán lè da ìgbẹ́ láàmú. Gígé èròjà ọkùnrin a máa pa ìfẹ́ ìbálòpọ̀, a sì máa sọ egungun di aláìlágbára.

Ti baba wa ti dé egungun. Ẹ wo ọ̀ràn náà bí ó ti rí: abẹ tí àkọ́bí ń pariwo rẹ̀ kò lè wúlò fún un mọ́. Ọmọ London ti gbọ́ nípa ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti pín ọkùnrin 1,643 sí ìṣọ́, abẹ àti ìtànṣán. Nígbà tí èsì ọdún 15 jáde ní 2023, nínú 100 ọkùnrin, bíi 3 ni àrùn náà pa, ọ̀nà yòówù tí wọ́n gbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí a tètè rí àrùn wọn ni, aláwọ̀ funfun sì ni èyí tí ó pọ̀ jù. Ìtọ́jú àìsàn ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jà lé lórí. Kò sí ẹni tí ó tíì béèrè èyí tí ó ń ṣe baba wọn.

Ní ti àgbo, n kò bú ewé àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n kò sí àgbo tí a ti rí ẹ̀rí pé ó ń wo jẹjẹrẹ yìí, oṣù tí a sì fi ń dán an wò ni àrùn fi ń rìn. Ní ti àdúrà, ẹ rántí Hesekáyà ọba: wòlíì tí ó mú ìlérí ìwòsàn wá fún un náà ni ó ní kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó yàn, ẹ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé inú kókó nìkan ni ó wà, tàbí ó ti jáde? Kí ni ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan yóò fún mi, kí ni yóò sì gbà lọ́wọ́ mi? Bí mo bá dúró díẹ̀, kí ni mo lè pàdánù? Èló ni yóò ná mi títí yóò fi parí? Ìtọ́jú tí a dáwọ́ rẹ̀ dúró lágbedeméjì nítorí owó ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá. Ìtànṣán wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ojú ọ̀nà tí ó gba Kawo wa yìí kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti ibi tí ẹ ó sùn mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ aláìsàn bá sì ń kú, tàbí tí kò lè tọ̀ rárá, ẹ má ṣe ìpàdé ẹbí kankan mọ́. Ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtìjú ni àrùn yìí. Ní oṣù Kọkànlá 2014, ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé a rí i lára òun ní ìparí 2013, òun sì ti gba ìtọ́jú. Ní 2024 ó pé ẹni 90 ọdún. Nelson Mandela gba ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ 7 ní 2001, ó sì lo ọdún 12 sí i.

Baba wa yan yíyọ kóró ẹpọ̀n, nítorí pé owó ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sì fẹ́ máa wá owó abẹ́rẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ fún Màmá. Àwa tilẹ̀ ti gbàgbé Màmá pátápátá. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní, “Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo kí ọ, tí o dá mi lóhùn, ó tó mi.” Baba rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ púpọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí a ṣe é. Ẹ̀yìn kò ro ó bíi ti tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pe àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé, bí wọ́n bá ti kọjá 40 ọdún, kí wọ́n lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò, nítorí àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí, a sì máa pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú òbí láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ṣeun, owó yín ń dé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ bi baba léèrè ohun tí ó fẹ́. Kí Olúwa wo àwọn aláìsàn wa sàn. Ó dìgbà kan ná.