Kóńgò Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí Onílé Ṣe Lè Wọn Ohun Tí Ó Rà

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ owó kan tí ń jáde nínú ọ̀pọ̀ ilé lóṣooṣù, tí ẹni tí ó san án kì í sì í sábà wádìí ohun tí owó náà rà bọ̀. Owó íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Kò sí ìyá tí í ra gàrí lọ́jà láìwo kóńgò. Bí ẹni tí ń tà á bá ti tẹ ìdí kóńgò wọnú, oníbàárà yóò rí i, yóò sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà lè san owó íntánẹ́ẹ̀tì oṣù kan láìmọ̀ bóyá ohun tí òun san owó rẹ̀ ni òun ń gbà. Íntánẹ́ẹ̀tì ní kóńgò tirẹ̀, kò sì ṣòro láti kọ́ bí a ti ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a mú onílé kan ní Ìdèrè ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra àpótí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ráútà, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti ilé. Ẹni tí ó tà á fún un wí pé ìyára rẹ̀ lè tó 20. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ohun gbogbo ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, nígbà tí ọmọ náà fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́, àmì róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù, kò sì dẹ́kun. Àkókò tí a dá fún gbígba iṣẹ́ náà kọjá, iṣẹ́ kò dé. Baba bínú, ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ó gbé àpótí náà sí ni ó fa á. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á mọ̀ ni orúkọ òṣùwọ̀n. Mẹ́gábíìtì ni a fi ń ka ìyára, iye tí ó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́gábáìtì ni a fi ń ka bí fíìmù tàbí àwòrán ti tóbi tó. Orúkọ méjèèjì jọra bí ìbejì Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: mẹ́gábíìtì 8 ni ó wà nínú mẹ́gábáìtì 1. Nítorí náà, fíìmù tí ó jẹ́ mẹ́gábáìtì 700 jẹ́ mẹ́gábíìtì 5,600. Bí ìyára bá jẹ́ 20, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú 5 kí ó tó wọlé tán. Bí ó bá jẹ́ 10, yóò gbà ju ìṣẹ́jú 9 lọ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1, yóò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Nígbà tí olùtajà bá sì wí pé ìyára lè tó 20, ibi tí ó lè ga dé ni ó ń sọ. Kò sọ ibi tí kò ní lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Ó yẹ kí oníbàárà bèèrè èyí kí ó tó sanwó.

Ohun kejì ni pé ìyára pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn àgbà pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Íntánẹ́ẹ̀tì ń gba èsì. Ìyára bíbọ̀ wà fún ohun tí ń wọlé. Ìyára lílọ wà fún ohun tí ilé ń fi ránṣẹ́. Ìyára lílọ sábà máa ń kéré ju ti bíbọ̀. Ẹni tí ń wo fíìmù nìkan lè má fura sí i, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni ó ń fa ìfàsẹ́yìn? Gbogbo ilé tí ó ń lo òpó kan náà ni ó jọ ń pín agbára rẹ̀. Ọ̀nà oko tí ó gba ènìyàn mẹ́wàá láìsí ìdíwọ́ yóò há ní ọjọ́ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni òpó rí ní alẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti dé ilé. Jíjìnnà sí òpó pẹ̀lú ń dín ìyára kù. Páànù orí ilé àti ògiri tí ó nípọn ń dènà rẹ̀.

Ìdí kan sì tún wà tí ó jìnnà sí ilé. Ní ọdún 1971, Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá níhìn-ín ni ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sátẹ́láìtì tí àwo ńlá rẹ̀ kọjú sí wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè, ọ̀rọ̀ tẹlifóònù Nàìjíríà sì ń gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ọ̀rọ̀ ayé ń gba Ìbàràpá kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé Ìbàràpá ni kò ní tẹlifóònù. Odò lè gba ẹ̀yìnkùlé ẹni kọjá kí òùngbẹ sì máa gbẹ ẹni.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ okùn abẹ́ òkun ti òde òní rí. MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 2010. Equiano gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2022. Ohun tí ó dé Èkó ṣì ní láti gba orí ilẹ̀, láti ìlú dé ìlú àti láti òpó dé òpó, kí ó tó dé yàrá kan ní Ìdèrè. Ibikíbi tí ọ̀nà náà bá ti há, ibẹ̀ ni ìyára yóò ti dínkù. Nígbà tí àwọn okùn kan sì já nínú òkun nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ìṣòro náà dé ilé àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọ̀nà láti mọ ibi tí àṣìṣe wà nìyí. Kí onílé dúró nítòsí àpótí, kí ó yọ gbogbo fóònù yòókù kúrò lórí rẹ̀, kí ó sì lo ọ̀kan nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí ń wọn ìyára lórí fóònù. Ìwọ̀n náà yóò jẹ dátà díẹ̀. Kí ó ṣe é ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kọ ọjọ́, aago, ìyára bíbọ̀ àti ìyára lílọ sínú ìwé. Bí iye náà bá kéré ní gbogbo àkókò, kí ó gbé àpótí sí ẹ̀bá fèrèsé tí ó kọjú sí òpó, kí ó tún un wọ̀n. Bí ó bá dára ní òwúrọ̀ tí ó sì ń lọ sílẹ̀ ní alẹ́ nìkan, ó ṣeé ṣe kí òpó náà ti kún jù. Bí ó bá dára lẹ́bàá àpótí ṣùgbọ́n tí kò dára ní yàrá kejì, ògiri ilé ni kí ó bá wí.

Nínú ètò ọdún márùn-ún tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2020, a fi mẹ́gábíìtì 25 ṣe ìyára tí ó kéré jù fún ìlú ńlá, àti 10 fún ìgbèríko. Àkókò ètò náà parí ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n 10 náà ṣì jẹ́ iye tí onílé lè fi wé ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀.

Bí oníbàárà bá ní ẹ̀sùn, kí ó kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó rẹ̀, kí ó sì gba nọ́ḿbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, kí ó pe 622, nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ ti àjọ ìjọba tí ń ṣe àbójútó ìbánisọ̀rọ̀, NCC. Kí ó má wí pé "nẹ́tíwọ̀kì kò dára" nìkan. Kí ó ka ọjọ́, aago àti iye jáde.

Ìdèrè mọ ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ lè ṣe. Àwọn àgbà kò gbàgbé sòbìyà, àti bí àwọn oníwádìí láti Ìbàdàn ṣe bá ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí a ka àwọn aláìsàn láti ìletò dé ìletò jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Lẹ́yìn tí a ti kà wọ́n, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ pé ìṣòro náà wà. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìyà. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ń falẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni ó yẹ ẹ́. Ìkùnsínú ilé kan kì í jìnnà. Bí ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kan bá kó ìwé wọn pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì fi hàn pé òpó kan náà ń rẹ̀yìn ní aago kan náà, ẹjọ́ ìlú ni ó dà, ilé-iṣẹ́ kò sì ní rọrùn láti fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.