Kòkòrò Staph tí apá oògùn kò ká: Báwo ló ṣe ń ràn?

Ní ilé ìwòsàn ńlá bíi Laquintinie, tó wà ní Akwa, nílùú Douala, ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ lè gbé kòkòrò Staph láti ojú ọgbẹ́ kan dé òmíràn.

Lọ́dún 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde irú rẹ̀ tí oògùn methicillin kò ràn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2019, ó fa ikú èèyàn tó lé ní 100,000 lágbàáyé.

Bó bá jẹ́ eéwo, dókítà lè tú u. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, vancomycin ni wọ́n sábà máa ń fà sí aláìsàn lára.

Ẹ fọwọ́, ẹ bo ọgbẹ́, ẹ má sì ra wóró apakòkòrò méjì péré lójú títì: kòkòrò tó bá yè níbẹ̀ ni yóò bí irú tí oògùn kò ní ràn mọ́.