Bí A Ṣe Ń Gbé Fídíò Ilé Sínú PSP

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ọmọ yín lè ti mọ̀ ọ́n. PSP ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sony ni ó ṣe é. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní Japan, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2005. Ní ọdún 2014, Sony ṣíwọ́ fífi í ránṣẹ́ sí ọjà. Nítorí náà, èyí tí ẹ bá rí rà lónìí, tòkunbọ̀ ni, tàbí èyí tí ó ti pẹ́ nínú páálí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti wú, ẹ má fi í sínú iná rárá. Òmíràn ni kí ẹ wá.

Géèmù ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń fi fídíò hàn pẹ̀lú. Kò béèrè dátà, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ní fídíò ìkómọjáde lórí fóònù yín, tàbí èyí tí ìyá àgbà ti ń sọ ìtàn ìdílé, ọmọ lè gbé e lọ́wọ́ kó máa wò ó níbikíbi. Fídíò tiyín ni a ń sọ o. Fíìmù tí ẹlòmíràn fi owó rẹ̀ ṣe, tó sì ń tà, kò yẹ kí a máa dà á kiri fún ará àdúgbò.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ṣebí kí a kàn da fídíò náà sínú rẹ̀ ni?" Rárá o. Fídíò tí fóònù òde òní ń yà tóbi ju ojú PSP lọ. Àmì kéékèèké ni ó para pọ̀ di àwòrán. Bí fóònù bá yà á ní 1920 sí 1080, àmì inú àwòrán kan ju 2,000,000 lọ. Ojú PSP kò ju 480 sí 272 lọ, ìyẹn 130,560. Ibi tí PSP ti ní àmì kan ṣoṣo, fóònù ní bíi mẹ́rìndínlógún. Nítorí èyí ni a ṣe ń yí fídíò padà kí a tó gbé e lọ.

Ẹ wo èlùbọ́. Ẹni tó fẹ́ kí iṣu rẹ̀ pẹ́, kó sì fúyẹ́ láti gbé, á bó o, á bọ̀ ọ́, á sá a, á lọ̀ ọ́. Àmàlà á jáde níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè kó èlùbọ́ jọ kó tún padà di iṣu? Ta ni ó lè gbìn ín kó hù? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fídíò tí a ti sọ di kékeré. Ohun tí kọ̀ǹpútà yọ kúrò nínú rẹ̀ kì í padà wá mọ́. Lórí PSP, á dára lójú yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi í han ẹbí lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ojú ìyá àgbà á ti ṣú bàìbàì.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ má pa èyí tí ẹ kọ́kọ́ yà rẹ́. Ẹni tó ń bá yín ṣe é ní ìsọ̀ lè sọ pé, "Ẹ pa ti fóònù yẹn rẹ́ kí àyè lè gbà yín." Ẹ dá a lóhùn pé ó tì. Bí ìyá bá ti lọ, kò ní tún jókòó kí a yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi èyí tó tóbi pamọ́ sí ibi méjì, ìyẹn sórí kọ̀ǹpútà àti sórí díráìfù mìíràn tí ẹ lè tì mọ́ àpótí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Ètò kan wà fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní HandBrake. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Ẹ da fídíò láti inú fóònù sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá fi HandBrake ṣí i. Irú fáìlì tí ẹ ó mú ni MP4. Fún àwòrán, ẹ mú H.264, Profile rẹ̀ kí ó jẹ́ Main, Level rẹ̀ kí ó jẹ́ 3.0. Ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 480 lọ, gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 272 lọ. Àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tó. Ohùn ní tirẹ̀, AAC ni. Bí ẹ bá kọ 768 fún àwòrán àti 128 fún ohùn, fídíò wákàtí kan á gba àyè bíi 400 mẹ́gábáìtì. Ìyẹn kò pọ̀ jù.

Bí ẹ bá gbé fóònù lóòró nígbà tí ẹ ń yà á, àwòrán á tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, dúdú á sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ipá fà á kó lè kún ojú PSP, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á wá sanra bí àgbá.

PSP tí ètò inú rẹ̀ ti pẹ́ jù kì í gba fídíò tó fẹ̀ tó 480. Ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà System Settings, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tó wà ní System Information. Kó jẹ́ 3.30, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku gbígbé. Káàdì PSP kì í ṣe irú ti fóònù. Memory Stick PRO Duo ni wọ́n ń pè é, ayédèrú rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ẹ fi wáyà USB so PSP mọ́ kọ̀ǹpútà. Lórí PSP, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ USB Connection. Káàdì náà á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí i. Ẹ wá fódà tí a kọ VIDEO sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a sílẹ̀ fúnra yín. Lẹ́tà márùn-ún péré ni: V, I, D, E, O, gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ ó rí fódà mìíràn tó ń jẹ́ PSP. Ẹ má dá VIDEO sínú rẹ̀ o. Kí àwọn méjèèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan má wọ inú èkejì.

Ẹ wá da fídíò kékeré náà sínú VIDEO. Iná kékeré kan wà lára PSP tó máa ń ṣẹ́jú bí káàdì bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ má fa wáyà yọ. Bó bá dákẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ní òdo, kí ẹ tó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Video lórí PSP, ẹ mú Memory Stick, kí ẹ tẹ X lórí fídíò náà.

Bó bá kọ Unsupported Data sójú, ẹ má jáyà. Káàdì kò bàjẹ́, PSP kò bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò lè ka fáìlì yẹn. Ẹ padà sí HandBrake, kí ẹ wò ó bóyá Main àti 3.0 ni ẹ mú, àti bóyá ìbú rẹ̀ kò ju 480 lọ. Fídíò ńlá yín ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tún òmíràn ṣe láti ara rẹ̀.