Àwọn Olùdìbò Oníwọ̀ntúnwọ̀nsì: Ǹjẹ́ Èrò Wọn Ṣọ̀kan?

Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì ni Ọ̀fà. Níbi tí ẹni méjì bá ti ń jà nínú agbo, oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni ó máa ń pé jọ: àwọn tí ó wà lẹ́yìn ẹni kìíní, àwọn tí ó wà lẹ́yìn ẹni kejì, àti èrò ìwòran tí kò tíì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ìbò. Ìsọ̀rí kẹta yìí ni a ń pè ní olùdìbò oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ kan wà tí ó so wọ́n pọ̀, àbí ibi tí wọ́n dúró sí nìkan ni wọ́n fi jọra?

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbò ọdún 1979 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ UPN ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ NPN tẹnu mọ́ oúnjẹ àti ilé gbígbé. Ká ní àwọn mẹ́ta ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọjà Òwòdé ní Ọ̀fà nígbà náà. Ẹni kìíní ní kí ìjọba san ìdajì owó ilé-ìwé, kí òbí san ìdajì. Ẹni kejì ní kí ìjọba san gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìjọba má ṣe dá sí òwò ẹnikẹ́ni rárá. Ẹni kẹta kò ro ọ̀rọ̀ náà rí. Èsì tí ó bá bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò fọ̀. Bí a bá gbé èrò wọn lé ìwọ̀n, àárín ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò bọ́ sí. Síbẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀ wà ní àárín ní tòótọ́. Èrò ẹni kejì le ní ìhà méjèèjì. Ẹni kẹta kò ní èrò kan pàtó.

Philip Converse, onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1964 pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kì í so èrò wọn lórí ọ̀rọ̀ kan mọ́ èrò wọn lórí òmíràn. Àwọn olùwádìí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti fi hàn pé àwọn tí ọkàn wọn wà ní àárín ní tòótọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn: ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń ná.

Ìtàn ìpínlẹ̀ Kwara fìdí èyí múlẹ̀. Ní 1979, Adamu Attah ti ẹgbẹ́ NPN ni ó di gómìnà. Kí ó tó di 1983, ìjà ti dé láàárín òun àti Sẹ́nétọ̀ Olúṣọlá Sàràkí, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Sàràkí ti Cornelius Adébáyọ̀ ti UPN lẹ́yìn, Adébáyọ̀ sì wọlé. Ta ni yóò sọ pé gbogbo ẹni tí ó yí ìbò rẹ̀ padà ni ó ti gba ẹ̀kọ́ UPN gbọ́? Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, igbe “Ó tó gẹ́” gba ìpínlẹ̀ náà kan, AbdulRahman AbdulRazaq ti APC sì di gómìnà. Ohun tí àwọn tí ó ń ké kọ̀ sílẹ̀ ṣọ̀kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kò ṣọ̀kan. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ láàárín àwọn tí ó jọ ké e.

Ó hàn nígbà náà pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ kan ni ó so àwọn olùdìbò wọ̀nyí pọ̀. Bí ohun kan bá so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀, ìwà ni: wọn kò sọ ìbò wọn di ogún ẹgbẹ́ kankan. Ewu ńlá ni fún aṣáájú tí ó bá ṣi èyí lóye. Bí ó bá rò pé ẹni tí ó dìbò fún òun ti fara mọ́ gbogbo ètò òun, yóò máa ṣe ohun tí a kò rán an, ọjọ́ ìbò mìíràn ni yóò sì tó jí lójú oorun.

Ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí yé akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó má ṣe bi ará ìlú léèrè ẹgbẹ́ tí ó wà nìkan. Kí ó bi í nípa ilé-ìwé, kí ó bi í nípa òwò, kí ó bi í nípa owó orí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó wà nínú agbo ìjàkadì tí kò pariwo kì í ṣe odi. A kò tíì bi í ní ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni.