Agbè, Gálọ́ọ̀nù àti Lítà: Ọ̀rọ̀ lórí Wíwọn Ẹmu ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ó lè ya díẹ̀ nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wọn ẹmu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni ìwọ̀n kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ẹni tí ó bá wí pé òun ra agbè ẹmu kan, kí ni ó rà?

Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìpele àti Ìdóàní, àti ní ìhà Ifọ̀n, ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ kì í ṣe àjèjì. Akèrègbè, agbè, ahá: ohun èlò ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń pè, wọn kò pe iye. Orí ilẹ̀ ni akèrègbè ti ń so, ẹnikẹ́ni kò rọ ọ́, nítorí náà ó ṣòro láti rí méjì tí ó gba iye kan náà. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Wọ́n ní akèrègbè ni yóò júwe ibi tí a ó ti fi okùn bọ òun lọ́rùn. Ojú ọrùn náà ni wọ́n sì ń wò mọ ibi tí ẹmu dé. Bí ó bá dín, adẹ́mu a fi èènì kún un. Lójú tèmi, èènì kì í ṣe inú rere lásán. Òun ni a fi ń tún àṣìwọ̀n ṣe láàárín ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà, nígbà tí àwọn méjèèjì mọ ilé ara wọn.

Ìfófòó ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Bí omi ọ̀pẹ bá ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí ó ń sọ ọ́ di ọtí, tí ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni ẹmu fi ń hó. Bí a bá dà á kíákíá láti òkè, ìfófòó yóò kún dé ẹnu, oníbàárà yóò sì sanwó afẹ́fẹ́. Bí adẹ́mu náà bá rọ ọ́ kún láìfi àyè sílẹ̀, yóò hó dànù lọ́nà ọjà, òun ni yóò pàdánù. (Ẹni tí ó ń bu omi la ẹmu kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, ti ọlọ́pàá ni ìyẹn.) Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwọ̀n òtítọ́ ní láti gbé e sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó dúró títí yóò fi rọlẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá ojú ẹmu dọ́gba, kí ó má sì gbàgbé pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ náà gba àyè.

Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola gbé jáde ní 1952, adẹ́mu náà ń dá kẹ́ẹ̀gì 150 ní òwúrọ̀ àti 75 ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ olùlámèyítọ́ ka iye yìí sí àsọdùn, wọ́n sì kọjá lọ. Èmi kò kọjá. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù kan ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹmu ojúmọ́ kan lé díẹ̀ ní lítà 1,000; bí ó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oníke onílítà 25 tí a ń lò lónìí, ó di 5,625. Òǹkọ̀wé ka kẹ́ẹ̀gì láìku ẹyọ kan, kò sì sọ bí kẹ́ẹ̀gì ti tóbi tó. Bí ọjà wa ti ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Òfin ìwọ̀n ti ọdún 1974 mú wa bọ́ sí lítà àti kílò, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù kò kúrò lẹ́nu wa. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.785, bí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ti àkọ́kọ́. Lọ́jà, ike èyíkéyìí lè jẹ́ gálọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó ń mu ẹmu lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi èso ṣe ọtí nílé kò lè rẹ́rìn-ín. Bí gíráàmù 17 ṣúgà nínú lítà kan ni ó ń mú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára ọtí wá. Bí ìwé Amẹ́ríkà bá pèsè ṣúgà fún gálọ́ọ̀nù kan kí ọtí lè dé ìdá 12, tí a sì fi gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì wọn omi, bí ìdá 10 ni yóò dé, ọtí tí kò lágbára sì máa ń tètè kan. Ṣúgà pàápàá ń gba àyè: kílò kan nínú lítà omi 4 yóò di bíi lítà 4.6.

Kò sí ohun olówó ńlá tí a nílò. Igo bíà onísẹ̀ǹtílítà 60 pọ̀ káàkiri. Igo 5 jẹ́ lítà 3. Kí a bu omi sí i dé ibi tí ọtí dé nígbà tí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ dé e, kì í ṣe dé ẹnu, nítorí igo tí ó kún dé ẹnu ju iye tí a kọ sí i lára lọ. Kí a da igo 5 sínú kẹ́ẹ̀gì funfun, kí a fi ọ̀dà fa ìlà, kí a da 5 mìíràn, kí a tún fà á, títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kún. Àyè tí ó kù lókè, ti ìfófòó ni. Bí ìlà bá ti wà níbẹ̀, ohun tí adẹ́mu bá dà kọjá ìlà ni èènì, oníbàárà yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí iye tí a fi ta á lọ́rẹ.